Ọmọ Ilé-ìtura àti Ọmọ Olóko Máńgòrò

Iṣẹ́ irun ni mò ń ṣe ní àfonífojì wa yìí, láàárín àwọn òkè Hida, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alárinà ni wọ́n bí mọ́ mi. Fusae ni orúkọ mi. Tí obìnrin bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga mi, tí omi gbígbóná kan àtàrí rẹ̀, kò sí àṣírí tí kò ní tú fún mi. Àwọn tọkọtaya tí mo so pọ̀ ló kún àdúgbò yìí. Méjì péré ló tú ká nínú wọn, ẹjọ́ àwọn yẹn kì í sì í ṣe tèmi.

Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé èmi ni mo kó eṣinṣin wọ ilé-ìtura kí Wataru lè pàdé Chinami, ẹ má gbà á gbọ́. Àwọn eṣinṣin yẹn, fúnra wọn ni wọ́n lọ.

Bó ṣe rí nìyí. Máńgòrò ni Baba Nemoto ń gbìn. Bẹ́ẹ̀ ni, máńgòrò, níbi tí yìnyín ti máa ń ga ju fèrèsé lọ. Ilé ọ̀rá ńlá ló kọ́ bo àwọn igi rẹ̀, ó wá fa páìpù omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ gba abẹ́ wọn kọjá. Tí òtútù ìta bá ń gé èèyàn létí, inú ibẹ̀ lèèyàn á ti máa bọ́ ẹ̀wù. Omi kan náà yìí ló ń kún ilé ìwẹ̀ ní ilé-ìtura àwọn Kuwabara, tó wà ní òkè oko náà. Inú kòtò kan tí wọ́n fi pákó bò ni páìpù náà gbà láti orísun omi: omi á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn Kuwabara, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ̀kalẹ̀ sí oko máńgòrò.

Nígbà tí máńgòrò bá sì tanná, nínú oṣù kejì, eṣinṣin ló ń gbé àtíkè òdòdó láti ibì kan dé ibòmíì. Oyin ò ka òdòdó máńgòrò sí, àfi eṣinṣin. Níbo lèèyàn á ti rí eṣinṣin nínú yìnyín? Baba Nemoto á ra ìdin tí àwọn apẹja ń lò, á kó orí ẹja sínú korobá tì wọ́n, títí wọ́n á fi hu ìyẹ́. Òórùn yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, pákó kan ṣí lórí kòtò. Àwọn eṣinṣin gbọ́ ooru, wọ́n tọ páìpù lọ, wọ́n sì jáde sínú yàrá oúnjẹ ilé-ìtura, níbi tí àwọn àlejò láti ìlú Nagoya ti ń jẹ ẹja yíyan lọ́wọ́.

Okami ni gbogbo wa ń pe ìyá tó ni ilé-ìtura náà, bí wọ́n ti ń pe gbogbo ìyá tó bá ń darí ilé-ìtura nílẹ̀ wa. Opó ni. Kì í bínú lójú àlejò. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó tọrọ àforíjì, ó wọ yàrá ìdáná, ó sì deyín mọ́ aṣọ ìnura títí inú rẹ̀ fi rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀.

"Wataru! Lọ sọ fún bàbá yẹn kó wá kó àwọn ẹbí rẹ̀ kúrò nílé mi."

"Ẹbí ta ni, Mà?"

"Eṣinṣin!"

Wataru ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, òun nìkan ni Okami sì bí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń ronú kó tó mí. Kò já mọ́ nǹkan kan nínú iṣẹ́ ilé-ìtura. Tí àlejò bá bi í pé ṣé ẹja yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú odò ni, á ní rárá o, fírísà ló ti jáde láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ ti sunkún sunkún lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó wọ bàtà òjò, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí oko. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ilé ọ̀rá ló gbóhùn lókè.

"Tìlẹ̀kùn! Tètè tìlẹ̀kùn, wọ́n á kú!"

Ó tì í. Chinami, ọmọ Baba Nemoto, ló wà lórí àkàbà, láìwọ bàtà, tí òógùn ń sàn lójú rẹ̀ nínú oṣù kejì ọdún.

"Ta ló máa kú?" Wataru bi í.

"Àwọn òṣìṣẹ́ wa."

Wataru ronú sí i. "Àwọn òṣìṣẹ́ yín wà nínú ọbẹ̀ wa báyìí."

Ẹ̀rín pa Chinami débi pé díẹ̀ ló kù kó já bọ́. Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wọ́n. Òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Tí wọn ò bá ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, a ò ní rí máńgòrò kankan lọ́dún yìí."

Ọkùnrin mìíràn ì bá pòṣé. Wataru padà sílé, ó mú àwọ̀n àti ìgò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú eṣinṣin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lóòyè, níwájú àwọn ará Nagoya. Wọ́n ní ó ń sọ fún eṣinṣin kọ̀ọ̀kan pé kó má bínú. Ìgbà tó mú wọn tán, ó fi aṣọ aláró di ìgò náà, ó ta kókó rẹ̀ dáadáa lókè, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Chinami, nítorí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ kì í gbé nǹkan oníǹkan padà fún un láìdì í.

Lọ́jọ́ kejì, Chinami wà lórí àga mi.

"Àǹtí Fusae, ọkùnrin kan fún mi ní eṣinṣin."

"Kí lo wí?"

"Ó dì wọ́n sínú aṣọ."

Mo ti omi pa. "Irú aṣọ wo?"

"Aláró yẹn, èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn ìgbéyàwó."

"Chinami, ọkùnrin yẹn fẹ́ ẹ."

"Eṣinṣin ló fẹ́, Àǹtí," ó dáhùn. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ́n wẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, omi mi ò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, páìpù tí ẹnikẹ́ni ò wò fún ọdún gbọọrọ wá di ohun tí Wataru gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Á dé oko ní àárọ̀, á tẹ́tí sí páìpù bíi dókítà, á wá jókòó sábẹ́ igi. Baba Nemoto kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, igi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lé e. Láìpẹ́, Wataru ti ń bá a nu ewé, ó sì ń bá a so àpò àwọ̀n mọ́ abẹ́ èso kọ̀ọ̀kan.

Òfin kan wà lóko yẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ já máńgòrò. Tí èso bá gbó, fúnra rẹ̀ ni yóò jábọ́ sínú àwọ̀n, ìgbà yẹn ló tó dùn. "Ẹni tó bá já a, olè ni," Baba Nemoto máa ń wí, "ọwọ́ igi ló ti jí i." Wataru fẹ́ràn òfin yìí gan-an. Ọkùnrin tó lè fi ìdajì ọjọ́ wo èso kan láìfọwọ́ kàn án ni.

Chinami ńkọ́? Ọmọ olóko máńgòrò tí kò ní sùúrù máńgòrò! Láti kékeré ló ti ń já a jẹ. Ohun tó wù ú ni kó rí èèyàn, kó bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Tó bá gbé ẹ̀fọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé-ìtura, ẹ ó rí i níwájú ilé láìpẹ́, pẹ̀lú bàtà ọ̀rá lẹ́sẹ̀, tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò. Mo rí àwọn nǹkan wọ̀nyí o. Àwọn òbí wọn ò rí i, nítorí pé ẹni tó bá fi ojú kan nǹkan lójoojúmọ́ kì í rí i mọ́.

Oṣù kẹta kọjá, ìkẹrin kọjá, Wataru ò sọ nǹkan kan.

"Àǹtí, ṣé ó yadi ni?" Chinami bi mí.

"Ó ń ronú ni."

"Kí ló ń rò? Ṣé orí rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe owó ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, lábẹ́ igi, ó la ẹnu wàyí. Àwọn méjèèjì ló ròyìn rẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu.

"Chinami-san," ó ní, ó fi 'san' bọ̀wọ̀ fún un, "mo rò pé, bóyá tó bá di ọdún tó ń bọ̀, tí yìnyín bá ti yọ́, tí o kò bá rí i bí ohun tó burú, èmi àti ìwọ lè..."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Chinami dáhùn.

"Mi ò tíì sọ ọ́."

"Mo ti gbà ná. Ìwọ máa sọ ọ́ bọ̀ nígbà tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì rántí nǹkan kan náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Wataru, ọmọ kan ṣoṣo ni Chinami.

Orúkọ ìdílé kan ni tọkọtaya gbọ́dọ̀ jẹ́ nílẹ̀ wa. Ti ọkọ ló sábà máa ń jẹ́. Àmọ́ ilé tí kò bá bí ọkùnrin lè mú ọkọ ọmọ wọn wọlé, kó bọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kó sì di ọmọ ilé ìyàwó rẹ̀. Tí Chinami bá di Kuwabara, ilé Nemoto parẹ́ nìyẹn. Tí Wataru bá di Nemoto, ti Kuwabara parẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pàdánù, òbí méjèèjì ò sì ní ẹlòmíì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn òbí méjèèjì dé ọ̀dọ̀ mi.

"Fusae," Baba Nemoto wí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ẹ̀rù ń bà á láti wọ ibi tí obìnrin ti ń ṣe irun, "bá mi sọ fún Okami. Ọmọ rẹ̀ ní ọwọ́ tó dáa. Mo gbà á. Kó wá jẹ́ Nemoto."

Okami ní tirẹ̀, abẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun ló ti ń pariwo. "Ẹ sọ fún bàbá ẹlẹ́ja yẹn, Fusae-san! Ọmọ rẹ̀ lè wá di Kuwabara, bó bá ti lè wẹ̀ kó mọ́!"

Alárinà tó bá jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an, ìyà ló ń wá. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé ẹnì kejì ń rò ó, mo sì dá ọjọ́ tí ìdílé méjèèjì máa jókòó pọ̀ ní ilé-ìtura, nínú oṣù keje.

Baba Nemoto ti ṣèlérí pé máńgòrò àkọ́so ọdún yẹn lòun máa gbé lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, gbogbo àwọ̀n ṣófo. Ó ti wọ kóòtù rẹ̀, ó ń wo igi.

"Ọwọ́ òfo la máa gbé lọ," ó ní. "Kò tíì fẹ́ jábọ́."

Chinami wọnú oko. Kò pẹ́ tó fi jáde pẹ̀lú àpótí. "Bàbá, ọ̀kan ti jábọ́!"

"Nígbà wo?"

"Báyìí báyìí."

Wọ́n dé ilé-ìtura, wọ́n jókòó sórí ẹní, gbogbo wa tẹríba fún ara wa títí ọrùn fi dùn wá. Okami fúnra rẹ̀ ló gé máńgòrò náà, ó tò ó sórí àwo bíi òdòdó. Ó fi ègé kan sẹ́nu. Mo rí i tí ojú rẹ̀ kan dín kù ju ìkejì lọ.

"Áà," ó ní. "Ó... ó ń jí èèyàn."

Èmi náà tọ́ ọ wò. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Baba Nemoto jẹ tirẹ̀, kò tíì gbé e mì tó fi yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀. Ta ló fẹ́ kọ́ ọ? Ṣùgbọ́n kò lè bá ọmọ rẹ̀ wí níwájú àwọn àna, kò sì lè sọ pé máńgòrò tí òun gbé wá kò dáa. Chinami wolẹ̀, ó ń wá ibi tí ẹní máa là sí kóun kó sí i.

Ni Wataru bá na ọwọ́. "Ó dùn gan-an," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè tún mú?" Ọkùnrin tí kì í purọ́ fún àlejò! Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán pátá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú tí Chinami fi wò ó lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ kí ọkùnrin kan fi irú rẹ̀ wò mí kí n tó kú.

Kí wọ́n tó kó àwo kúrò nílẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ ti dé.

"Ilé yìí ti wà kí wọ́n tó la ọ̀nà dé àfonífojì," Okami wí. "Kuwabara ló ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀. Ẹlòmíì ò ṣí i rí."

"Igi mi ò mọ ẹlòmíì ju Nemoto lọ," Baba dáhùn.

"Igi ti wá ń mọ orúkọ?"

"Ó mọ̀ ọ́n ju àlejò Nagoya lọ."

"Ó kéré tán, àlejò Nagoya máa ń kànlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ti ẹ̀yin, inú kòtò ni wọ́n ń gbà!"

"Ẹ bú mi, ẹ má bú àwọn eṣinṣin mi."

Mo mọ̀ọ́mọ̀ da tíì nù. Nígbà tí a nu ẹní tán, kò sẹ́ni tó jókòó mọ́. Okami ní kí Wataru má fẹsẹ̀ kan oko mọ́. Baba Nemoto kan pákó mọ́ orí kòtò, ìṣó tó lò tó kọ́ ilé kékeré. Ó sì gbé oṣù kan láìbá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí máńgòrò tó já.

Ibo ni wọ́n wá ń pàdé? Ilé irun mi ni. Ta ló máa ní kí èèyàn má gẹrun? Wataru gẹrun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí Chinami bá ń fọ irun ní àga yìí, Wataru á wà ní àga kejì, wọn ò ní wo ara wọn, inú dígí ni wọ́n ti máa ń rí ara wọn. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, kò sí ohun tí sísọ́ọ̀sì mi máa gé mọ́ lórí ọmọ yẹn, afẹ́fẹ́ ni mò ń gé.

Ẹ̀rín ni lójú ẹni tó ń wò. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wọ́n wọra. "Tí mo bá jẹ́ Nemoto," Wataru sọ fún mi nígbà tó ku èmi àti òun, "ta ni màmá mi máa jí láàárọ̀ láti bá jà?" Chinami náà wí ní tirẹ̀ pé, "Tí mo bá lọ, Àǹtí, bàbá mi á gbàgbé èdè èèyàn, èdè igi nìkan ló máa kù lẹ́nu rẹ̀." Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sá lọ sí ìlú ńlá nínú wọn. Wọ́n fẹ́ràn àwọn òbí wọn jù, ìyẹn gan-an ni ìṣòro.

Òtútù tún dé. Níparí oṣù kìíní, nígbà tí ilé-ìtura kún fọ́fọ́, tí òdòdó máńgòrò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, omi dín kù. Omi wa ní èérí funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù, tí wọn ò bá sì ha á, á dí i. Ti ọdún gbọọrọ ti kó jọ síbẹ̀, láti ìgbà tí Okami sì ti dá Wataru dúró, kò sẹ́ni tó yẹ páìpù wò mọ́. Ohun tó ń ṣàn kù bí okùn. Bí wọ́n bá fi kún ilé ìwẹ̀, òdòdó á kú, kò ní sí èso lọ́dún yẹn. Bí wọ́n bá dà á sí oko, omi tútù ló máa kí àlejò.

Ilé-ìtura ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí omi, gbogbo wa la mọ̀. Baba Nemoto gun òkè lọ nínú yìnyín, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà Okami, ó ṣí fìlà. Mo wà níbẹ̀, irun Okami ni mo lọ dì. Okami náà ń wò ó, àlejò sì ń bèèrè omi ìwẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Wataru ti wà nínú kòtò ní tirẹ̀. Ó ti tú gbogbo ìṣó yẹn, ó ti mú ọ̀pá irin, ó ń ha èérí.

Ni Chinami bá gba ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ kọjá. Ó bọ́ bàtà ọ̀rá, ó bá aṣọ ilé-ìtura kan níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí, ó wọ̀ ọ́, ó wọ yàrá àlejò, ó kúnlẹ̀, ó forí kan ẹní.

"Ẹ̀yin èèyàn wa pàtàkì," ó ní, "ilé ìwẹ̀ wa ń sinmi díẹ̀ lónìí. Ẹ má bínú sí wa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín: ta ló ti jókòó sábẹ́ òdòdó máńgòrò rí nígbà tí yìnyín ń bọ́ lókè orí rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó ti jókòó síbẹ̀ rí. Ó kó agboòrùn fún wọn, ó ṣáájú wọn sọ̀kalẹ̀. Wọ́n jókòó lórí àpótí láàárín àwọn igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ki ẹsẹ̀ bọ korobá omi gbígbóná. Korobá ẹja ni o, ṣùgbọ́n ó ti fọ̀ wọ́n, kò sì sọ fún wọn.

Okami sáré tẹ̀ lé wọn láti lọ dá wọn dúró. Èmi náà sáré tẹ̀ lé e, irun ìdajì orí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni ẹ̀rín. Bàbá arúgbó kan ti ń kọrin. Chinami ń gbé abọ́ kiri, ó rántí ẹni tí orúnkún ń dùn, ó rántí ẹni tí kì í jẹ edé, bó ṣe ń kúnlẹ̀ tó ń dìde, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Okami dúró, ó ń wò ó. Ìgbà tí Chinami gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó na ọwọ́, ó sì tún ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀ tó wọ́ so dáadáa, bí ìyá ṣe ń tún ti ọmọ so.

Baba Nemoto ní tirẹ̀ wà létí kòtò, ó ń wo Wataru. Ọ̀dọ́kùnrin mìíràn ì bá ti fi ìkánjú lu páìpù náà fọ́. Wataru ń ha á díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á lára, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Bàbá náà wọ inú kòtò tọ̀ ọ́, ó di ẹnu ọ̀pá mú fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi tú jáde. Òdòdó ò kú.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tán, Okami ti wọlé.

"Fusae-san, mo ti rò ó. Ọmọ mi ò ṣe é lò níbí, ó sì ti rí ibi tó máa wúlò sí. Kó jẹ́ Nemoto. Mo gbà."

Inú mi dùn débi pé mi ò gba owó irun lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán, Baba Nemoto dé. Ó wọlé o, lọ́jọ́ yẹn, ó tiẹ̀ jókòó.

"Fusae, ọmọ mi ń já máńgòrò. Láti kékeré ni mo ti mọ̀, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí i ni. Ilé-ìtura ló yẹ ẹ́. Kó jẹ́ Kuwabara. Mo gbà."

Mo ní ó ti bùṣe. Mo pe gbogbo wọn jọ sí ilé-ìtura, mo ti ń ronú aṣọ tí mo máa wọ̀ síbi ìyàwó. Mi ò mọ̀ pé ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba Wataru," Okami wí, ó tẹríba.

"Rárá o, ẹ̀yin lẹ máa gba Chinami," Baba Nemoto dáhùn, òun náà tẹríba.

Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ìyẹn bójú mu, ẹni tó bá tètè gba ẹ̀bùn nílẹ̀ wa, ojúkòkòrò ni wọ́n máa pè é. Ó yẹ kí ẹnì kan gbà nígbà kẹta. Kò sẹ́ni tó gbà. Wọ́n ń tẹríba sísàlẹ̀ sí i, títí imú àwọn méjèèjì fi kan ẹní, inú ẹní ni wọ́n sì ti wá ń bínú sí ara wọn.

"Mo ní kẹ́ ẹ gbà á!"

"Kí ayé lè sọ pé Nemoto gba ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ opó? Ẹ fẹ́ dójú tì mí ni!"

"Kí wọ́n wá sọ pé Kuwabara fi bàbá arúgbó sílẹ̀ lóun nìkan? Ojú tèmi kì í tì ni?"

"Ta lẹ ń pè ní arúgbó?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́!" Chinami ló pariwo. Wọ́n gbé orí sókè. "Lọ́dún tó kọjá ẹ ń fà wá, lọ́dún yìí ẹ ń tì wá. Ẹ ò bi Wataru rí."

Gbogbo wa yíjú sí Wataru. Ó ń ronú. Ìyẹn náà ní ìgbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń yún mi láti já a létí. Chinami, tí kò lè dúró de èso, jókòó jẹ́ẹ́, ó dúró dè é.

"Mo fẹ́ jẹ́ Nemoto," Wataru wí nígbẹ̀yìn. "Mà, ẹ má fi mí tọrẹ. Èmi ni mo fẹ́ lọ. Ibi tí ara mi ti balẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, ó ń dun èmi náà."

Okami fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ rẹ̀ lórí orúnkún.

"Chinami ńkọ́?" ó bèèrè, ohùn rẹ̀ kéré.

"Mo fẹ́ máa wá síbí," Chinami dáhùn. "Kí àlejò tó jí, títí wọ́n á fi sùn. Tẹ́ ẹ bá lè kọ́ mi."

"Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo wọ ilé yìí," Okami wí. "Ọmọ apẹja ni mí, létí òkun. Wọ́n ní orúkọ mi ti di Kuwabara, mo ní ó dáa. Ẹnikẹ́ni ò bi mí." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Wọ́n ti bi ìwọ. O sì ti dáhùn."

Ó sún tìmùtìmù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó jókòó sórí ẹní lásán, ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀ níwájú Baba Nemoto. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá ìyàwó máa ń sọ tó bá ń fa ọmọ lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ ọ ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ rí.

"Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ní sùúrù fún un." Níbi 'ọmọ mi' ni ohùn rẹ̀ ti já.

Baba Nemoto ló kàn láti fèsì. Ìjà nìkan ni bàbá náà ti múra sílẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá. Ó tẹríba wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awò ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí ẹní, omijé rẹ̀ sì bọ́ tẹ̀ lé e. Wataru mú awò náà, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì fi wọ̀ ọ́.

"Bàbá," ó ní, "ẹ rọra."

Okami gbọ́ bó ṣe pè é. Ó dìde, ó lọ bu tíì gbígbóná wá fúnra rẹ̀. Ìgbà tó padà, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife àkọ́kọ́ síwájú Wataru kó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n ti ń ṣe fún àlejò nínú ilé náà.